Ahọ́n Tó Mọ Tíì Tó Ti Tutù

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni Àǹtí Oníkọ́ọ̀bù fi fọ kọ́ọ̀bù nínú yàrá ìtọ́wò ilé iṣẹ́ kan. Ilé iṣẹ́ náà ń kó tíì aláwọ̀ ewé wá láti Japáànù, wọ́n sì ń tà á fún àwọn ilé ìtura. Ní àràárọ̀, àgbà ọkùnrin kan tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá Atọ́wò á to kọ́ọ̀bù funfun kéékèèké sórí tábìlì gígùn. Á fi ṣíbí bu tíì, á fà á sẹ́nu pẹ̀lú ariwo, á sì tu ú sínú ike. Ìyókù di ti síǹkì.

Ó ń dun Àǹtí Oníkọ́ọ̀bù láti máa da ohun tí ẹnikẹ́ni kò mu nù. Lọ́jọ́ kan, ó tọ́ ọ wò. Ó korò bí jogbo. Lọ́jọ́ kejì, ó tún tọ́ ọ wò, ọwọ́ Bàbá Atọ́wò sì tẹ̀ ẹ́.

"Òùngbẹ ló ń gbẹ ọ́ ni, àbí olè ni ẹ́?"

"Ẹ má bínú, sà. Mo fẹ́ mọ ohun tí ẹ máa ń wá nínú ẹ̀ ni."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Kí lo wá rí?"

"Ìkorò."

"Má gbé e mì ná. Kí ló tẹ̀ lé ìkorò?"

Ó dúró tì í. "Ó dà bíi koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé."

"Tíì tí wọ́n ń pè ní sẹ́ńṣà nìyẹn."

Bí ẹ̀kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nídìí síǹkì, lẹ́yìn tí Bàbá bá ti parí iṣẹ́. Àǹtí Oníkọ́ọ̀bù wá mọ hójíṣà, ewé tí wọ́n yan, tó ń rùn bí èèpo búrẹ́dì tó jó díẹ̀. Ó mọ gyokúrò, tí wọ́n máa ń bo igi rẹ̀ kúrò lójú oòrùn kí wọ́n tó ká a, tó wúwo lẹ́nu bí omi ọbẹ̀ ẹja. Nílé, àbúrò rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni ṣúgà fi ṣẹ̀ yín?"

"Aláriwo ni ṣúgà. Kì í jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí ewé ń sọ."

Nígbà tí Bàbá fẹ́ fẹ̀yìn tì, Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà ní kí ẹni tó bá fẹ́ ipò náà wá ṣe ìdánwò. Omi ti bó ọwọ́ Àǹtí Oníkọ́ọ̀bù títí, ó sì fẹ́ kúrò nídìí síǹkì. Òun àti àbúrò ìyàwó Ọ̀gá nìkan ló wá.

Kọ́ọ̀bù márùn-ún tí wọ́n máa dárúkọ tíì inú wọn wà lórí tábìlì, èéfín ń rú lára wọn. Àǹtí Oníkọ́ọ̀bù fa èkíní sẹ́nu. Gbígbóná nìkan ló bá níbẹ̀. Ó fa èkejì, bákan náà. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé kí kọ́ọ̀bù tó dé ọ̀dọ̀ òun, ó ti máa ń tutù. Kò tíì mu tíì gbígbóná rí nínú yàrá yẹn.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀."

"Ṣé ká ní kí oníbàárà lọ sùn ná kó tó padà wá?" ni Ọ̀gá wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ gba mẹ́ta nínú márùn-ún, Ọ̀gá sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n jáde.

Àǹtí Oníkọ́ọ̀bù dúró, nítorí òun ni yóò fọ àwọn kọ́ọ̀bù náà. Nígbà tí wọ́n tutù, ó tọ́ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì dárúkọ wọn fún Bàbá Atọ́wò, tó ṣì wà nínú yàrá. Ó tilẹ̀ fi kún un pé ewé èṣí ni ìkẹrin.

Bàbá wo ìdáhùn nínú ìwé ọwọ́ rẹ̀. "O gba márààrún."

"Ẹ bá mi sọ fún wọn, sà."

Bàbá ká ìwé náà sápò. "Ọ̀gá ló ń ṣe ètò ìdágbére mi lọ́jọ́ Ẹtì. Bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì."

"Láti ọjọ́ tí ẹ ti ń kọ́ mi, sà, ẹ ò bu gbígbóná kan fún mi rí."

Bàbá ní ọkàn òun kò lọ síbẹ̀. Ó mú fìlà rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, ó bi í bóyá yóò wá síbi ìdágbére náà, nítorí kọ́ọ̀bù fífọ̀ máa pọ̀.

Ó ní òun á wá.