Àgùntàn Ìyá Àgbà àti Èèpo Ẹ̀gẹ́ Tútù

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé ńṣe ni wọ́n ń gbé mi sínú ọkọ̀ bọ́lẹ́kájà, àgùntàn funfun kan fi ètè gba èèpo iṣu ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo ti ń retí kí eyín bù mí jẹ. Ètè rírọ̀, lílọ́wọ́ọ́wọ́, ni mo bá pàdé. Ó rìn mí lọ́wọ́ títí mo fi bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ àgùntàn ti wọ̀ mí lára. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wo ẹnu àgùntàn dáadáa bí ẹ bá rí i: kò ní eyín iwájú lókè rárá. Mẹ́jọ ló ní nísàlẹ̀. Erìgì líle ló wà lókè. Ẹ tẹ́ ọwọ́ pẹrẹsẹ fún un, ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, torí àwọn eyín ẹ̀yìn kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni.

Ìsàlẹ̀ Òsì nígboro ni agbolé wa wà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, bàbá mi, ìyá mi, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti èmi a wọ ọkọ̀ ní Bẹẹrẹ lọ sí abúlé, lọ́dọ̀ ìyá tó bí bàbá mi. A kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Àwọn tó ń ṣe èlùbọ́ pọ̀ ládùúgbò wa, ìyá mi a sì kó agbọ̀n èèpo iṣu gbígbẹ kan dání fún àwọn ẹran ìyá àgbà. Bí àgùntàn funfun yẹn bá ti gbọ́ ìró agbọ̀n, ó ti dé. Ẹ̀gbọ́n mi a ní, "Ìyàwó àgbò, àwọn àna ẹ ti dé o!"

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi pín gbogbo èèpo náà tán kí n tó dé ibẹ̀. Àgùntàn mi wá ń tẹ̀ lé e kiri. Inú bí mi. Lẹ́yìn ilé ìdáná, wọ́n ti bó ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe gàrí, èèpo rẹ̀ tútù, ó ń dán. Ọmọ ìlú ni mí. Èèpo tí àwọn ẹran ń jẹ lójúde wa, n kò mọ̀ pé oòrùn ti gbẹ ẹ́ kó tó kàn wọ́n. Lójú tèmi, èèpo ni èèpo. Mo bu ẹ̀kún ọwọ́ méjèèjì, mo yọ́ lọ fún un. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fi imú tì mí pé kí n bù sí i.

Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle. Itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó wó lulẹ̀ tòun ti oyún nínú. Ìyá àgbà ní ejò ló ṣán an. Bàbá mi fa ọ̀bẹ yọ, nítorí Mùsùlùmí ni wá, a kì í jẹ ẹran tó bá kú fúnra rẹ̀.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká tètè dú u kó tó kú."

"Oyún inú ẹ̀ ńkọ́?"

"Tí ìyá bá kú, ṣé oyún á yè ni?"

Bàbá mi ti kọjú ẹran náà sí gábàsì. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ̀rọ̀, ẹgba ń bọ̀. Bí mo bá sì dákẹ́, ó parí nìyẹn.

"Bàbá, ẹ dúró! Ejò kọ́. Èmi ni mo fún un ní èèpo ẹ̀gẹ́."

Ìyá àgbà yíjú sí mi. "Tútù àbí gbígbẹ?"

"Tútù ni, Ìyá."

"Ẹ gbé epo pupa wá!"

Wọ́n rọ epo sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, wọ́n gbé e sábẹ́ ibòji. Kí àkókò ìrun alásárì tó tó, ó dìde. Ìyá àgbà kò nà mí. Ó ní, "Ẹ̀rù bà ẹ́, o ṣì sọ̀rọ̀. Láti òní lọ, ìwọ lo máa máa sá èèpo." Ọjọ́ Àbámẹ́ta mẹ́rin ni àgùntàn náà kò fi jẹ lọ́wọ́ mi. Ní ìkarùn-ún ó wá, ọmọ rẹ̀ sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn.

Nígbà tí mo dàgbà, mo bi dókítà ẹran kan léèrè. Ó ní májèlé wà nínú èèpo ẹ̀gẹ́ tútù, pé bí kò ṣe jẹ púpọ̀ ló kó o yọ, kí n má gbẹ́kẹ̀ lé epo. Èmi náà kọ́ ìyókù fúnra mi: ẹ sá a fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ máa yí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bí ó bá tẹ̀, ó kù díẹ̀ kó gbẹ. Bí ó bá ṣẹ́ pàá, ó tó.

Abúlé náà ti di àdúgbò báyìí, ògiri àti géètì ló kún ibẹ̀. Àgbò Iléyá nìkan ni àwọn ọmọ-ọmọ mi mọ̀: a so ó mọ́ òpó, a bọ́ ọ fún ọjọ́ díẹ̀, a jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kó wọn lọ sí oko ọ̀rẹ́ mi kan, tó jìnnà ju abúlé wa àtijọ́ lọ. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, àgùntàn mọ́kànlá la bá níbẹ̀. Mẹ́wàá ló jẹ lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ẹyọ kan tó kù, abo dúdú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, dúró ní ìṣísẹ̀ méjì sí wa. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ìṣísẹ̀ mẹ́fà ni.