Bàtà Mi Létí Ọ̀sà

Mo rántí ìgbà tí mo jẹ́ olórí akọrin ìjọ wa ní Treichville, nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, tí mo ń lé orin létí ọ̀sà fún àwọn tó ń ṣe ìtẹ̀bọmi, tí èmi fúnra mi kò tíì ṣe é. Ọdún mẹ́fà gbáko ni. Bí wọ́n bá ń ri àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bọmi, ohùn mi á máa ròkè lórí iyanrìn gbígbẹ. Lọ́jọ́ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, díákónì á gbé àwo búrẹ́dì fò mí kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó jókòó tì mí, bí ẹni pé àga lásán ni mí. Inú máa ń bí mi débi pé n kì í lè jẹun tí mo bá délé.

Ẹ̀rù omi ló ń bà mí. Ọ̀sà yẹn ló gbé àbúrò mi lọ níṣojú mi lẹ́yìn àdúgbò Anoumabo, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá. Àwọn àgbà ìjọ á ní omi ò lọ́tàá. Omi kò gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá tiwọn. Pásítọ̀ á ní kí n ṣáà gbàgbọ́, ẹ̀rù á lọ. Mo gbààwẹ̀, mo gbàdúrà, ẹ̀rù jókòó sáyè rẹ̀. Èmi ọlọ́gbọ́n wá parí èrò sí pé bí ẹ̀rù bá ṣì ń bà mí, a jẹ́ pé n kì í ṣe Onígbàgbọ́ tòótọ́.

Ní Ọdún Àjíǹde kẹfà, pásítọ̀ ní bí n kò bá ṣe é lọ́tẹ̀ yìí, ẹlòmíràn ni yóò máa lé orin. Mo wọ aṣọ funfun, mo wọnú omi. Ó kan orúnkún mi báyìí, mo yí padà, mo sáré kọjá níwájú gbogbo ìjọ. Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Ajé, mo sọ fún ọ̀gá mi, Mùsùlùmí ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí mo ń bá ta abọ́ tánganran lọ́jà Adjamé, pé n kì í ṣe Onígbàgbọ́ mọ́, mo lè máa ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn.

Ó gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Láti six ans, ọdún mẹ́fà gbáko, ta ni mo wá ń kó kọ́kọ́rọ́ magasin, ilé ẹrù wa, fún? Ìwọ lo kọ̀, o ò bá mi purọ́ fáwọn douane, àwọn aṣọ́bodè. Ìwọ lò ń gbàdúrà sórí ìrẹsì lójú gbogbo ọjà. Wallahi, ọmọ Jésù ni ẹ́, bí omi ò tiẹ̀ kàn ẹ́. Lọ bá àwọn èèyàn ẹ."

Inú bí mi pé Mùsùlùmí ló sọ ohun tó yẹ kí díákónì ti sọ fún mi. Ṣùgbọ́n mo rò ó títí a fi ti ìlẹ̀kùn. Bí mo bá ti jẹ́ ti Jésù kí n tó débi omi, kí ni mo ń dúró dè?

Lọ́sẹ̀ kejì, mo bẹ pásítọ̀, èmi àti ẹ̀ la sì lọ sétí ọ̀sà láìsí ìjọ, kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá mi náà wá. Ó dúró lórí iyanrìn, ó bá mi di bàtà mi mú. Omi kan orúnkún, ó kan ìbàdí.

"Ẹ̀rù ń bà mí, sà," ni mo wí.

"Mo mọ̀," ni pásítọ̀ wí, ó sì rì mí bọ̀ ọ́.

Ọ̀gá mi ti kú báyìí. Títí dòní n kì í wọ ọkọ̀ ojú omi, afárá ni mo ń gbà. Bí àwo búrẹ́dì bá sì dé ọ̀dọ̀ mi, mo ń mú tèmi, inú á sì tún bí mi díẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo fi dúró kí ẹ̀rù kọ́kọ́ lọ. Kò lọ. Ó bá mi wọnú omi, a sì jọ jáde.