Williams Tiwa, Williams Tiwọn

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé ní Èkó, Williams bíi tiwa pọ̀ nílẹ̀ jọjọ. Williams ni ọ̀gá iléèwé wa, Williams ló ni ilé búrẹ́dì, àdúgbò kan tilẹ̀ ń jẹ́ Williams. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má rò pé ẹbí ni gbogbo wa o! Orúkọ òyìnbó ni, ẹni tó bá wù ló ń jẹ́ ẹ. Nítorí náà, tí wọ́n bá wá fẹ́ ọmọ wa, ìyá àgbà kì í bèèrè orúkọ. Wọn á ní, "Kí lẹ kì í jẹ nílé yín?" Ìgbín ni èèwọ̀ tiwa. Àfẹ́sọ́nà àǹtí mi, Williams lòun náà, dáhùn pé ìgbín ni. Wọ́n tọpa ọ̀rọ̀ náà títí, àṣé bàbá ńlá kan náà ló bí wọn. Bí ìgbéyàwó ṣe dàrú nìyẹn. Ẹkún àǹtí mi kò tíì kúrò létí mi.

Ẹ wá wò mí ní Toronto báyìí. Ọmọ ọmọ mi obìnrin mú àfẹ́sọ́nà wá láti ìlú Courtice, Williams lòun náà ń jẹ́! Oorun dá lójú mi. Mo ń rìn láti yàrá dé bákónì, láti bákónì dé yàrá, nínú ilé wa ní Weston. Ó ní, "Grandma, relax, it's a common name." Rílááàsì kẹ̀! Mo bi ọ̀dọ́kùnrin náà ní èèwọ̀ ilé wọn, kò gbọ́ irú ẹ̀ rí.

Ìyá àgbà máa ń sọ pé bí ẹnu ò bá mọ èèwọ̀, inú á mọ̀ ọ́n, á bì í. Mo bá ra ìgbín díndín ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa, mo gbé e síwájú ọmọkùnrin náà. Ó jẹ ẹ́, ó lá ọwọ́, kò ṣe é ní nǹkan kan. Inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó!

Ibẹ̀ ni ọmọ ọmọ mi ti dé láti shift. Kí n tó pariwo, ó ti mú méjì jẹ nínú abọ́ àfẹ́sọ́nà rẹ̀. "Grandma, so nice!" Òun náà kò bì. Ọmọ tèmi gan-an! Ta ló máa wá fi ìgbín mọ ẹbí mọ́?

Wọ́n ní ìyá àgbà ọmọkùnrin náà ṣì wà láyé ní Èkó. Láti àárọ̀ ni mo ti ń pè wọ́n, kí n lè bi wọ́n ní ohun tí wọn kì í jẹ nílé wọn. Nígbà tiwa, gbogbo àdúgbò ló lè dáhùn ìbéèrè yẹn. Lónìí, ó ku ìyá arúgbó kan ṣoṣo, fóònù wọn ń dún, wọn ò gbé e.