Ọkọ̀ Tí Bàbá Mi Rà ní Àbíjàn

Nígbà tí mo wà ní kékeré, inú ọkọ̀ ni a ń gbé. Ẹ má tíì bá mi yọ̀. Kì í ṣe ọkọ̀ onítáyà. Ọkọ̀ ojú omi ni, onípákó, ó gùn gbọọrọ, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀nà oko, a fi ẹní bo àárín rẹ̀ bí àtíbàbà. Abẹ́ ẹní yẹn ni bàbá mi, ìyá mi, Ráímì àbúrò mi àti èmi Sàlámátù ti ń jẹ, tí a ti ń sùn, tí a sì ti ń bínú síra wa. Ọmọ-ọmọ mi tó ń bá mi kọ èyí sílẹ̀ ní ó dà bí ìgbádùn létí òun. Mo ní kó kọ ìyẹn náà sí i, kí ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi lè bá mi fi rẹ́rìn-ín.

Ará Èjìgbò ni wá, ẹ sì mọ̀ pé ọmọ Èjìgbò tí kò ní ẹni kan ní Àbíjàn kò wọ́pọ̀. Àwọn tó gbọ́n nínú wọn, orí ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n ń tajà. Bàbá mi kò fẹ́ ìyẹn. Ó ní òun kò lè jókòó máa lé eṣinṣin de oníbàárà, òun ni yóò máa gbé ọjà lọ bá wọn. Bí ó ṣe ra ọkọ̀ nìyẹn. A ó kó iyọ̀, ọṣẹ, abọ́ tánganran àti epo òyìnbó sínú rẹ̀, a ó gba orí ọ̀sà, a ó wọ kanáàlì tí àwọn Faransé gbẹ́ la inú igbó kọjá, títí a ó fi dé ìlú Láhù. Ẹja gbígbẹ ni a máa ń kó bọ̀. Àwọn ará etí omi á máa ké sí wa láti òkè pé, Ànàgó, ẹ mú ọṣẹ wá. Orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo Yorùbá níbẹ̀ nìyẹn. Bàbá mi á dìde dúró, á na ọrùn bí ẹni pé wọ́n ń kí ọba.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló burú jù. Omi kanáàlì á fà, á dúdú, á máa rùn bí ìkòkò ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gbàgbé sídìí igi. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ á máa ha ẹrẹ̀. Oòrùn á pa pákó títí tí yóò fi là, ọ̀dà tí wọ́n fi dí ojú rẹ̀ á yọ́, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé wá jẹ́ẹ́jẹ́ bí àlejò tí kò fẹ́ kí onílé gbọ́ ẹsẹ̀ òun. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbọ́n ọn. Agolo wàrà kan wà tí etí rẹ̀ mú bí abẹ. Òun ni mo fi ń gbọ́n omi láàárọ̀, òun ni mo fi ń gbọ́n ọn lọ́sàn-án, bí mo bá sì fẹ́ sùn, ìyá mi á bi mí bóyá mo ti gbọ́n ti alẹ́. Ọmọ mìíràn ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ lódò, èmi ń dá odò padà sódò.

Ẹ bi mí nípa eré. Ta ni yóò ṣe bojúbojú nínú ọkọ̀ tó jẹ́ pé bí o bá na ọwọ́ méjèèjì, o ti fọwọ́ kan ògiri? Ibo lo fẹ́ sá pamọ́ sí? Èmi àti Ráímì gbìyànjú rẹ̀ rí. Ó bo ojú, ó ṣí i, mo wà níwájú rẹ̀. Oúnjẹ wa, àtíkẹ́ tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe níbẹ̀ àti ẹja ni, lọ́la, ẹja àti àtíkẹ́. Inú àpótí oníyanrìn ni ìyá mi ń dáná sí, èéfín á sì kún abẹ́ ẹní tí a ó máa sunkún bí ọlọ́fọ̀. Bí bàbá mi bá ń kírun, á kọjú sí ìlà-oòrùn dáadáa, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò mọ ìlà-oòrùn. Kí ó tó forí balẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ìṣàn omi ti yí i, ó ti ń kírun sí ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Bí a bá rẹ́rìn-ín, ìyá wa á ní ká kúnlẹ̀ lórí àpò iyọ̀, ká gbọ́wọ́ sókè. Ẹ kúnlẹ̀ lórí iyọ̀ nínú ohun tó ń mì, ẹ ó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìyà.

Èyí tó dùn mí jù ni okùn. Bí ìyá mi bá ti fẹ́ gòkè lọ tajà, á so okùn mọ́ ìbàdí mi, á so ìdí rẹ̀ mọ́ òpó àtíbàbà, kí n má baà jábọ́ sómi. Àwọn ọmọ etí odò á wá dúró, wọ́n á máa wò mí bí àgbò Iléyá, wọ́n á ju èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí mi bóyá n ó jẹ ẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run nígbà náà: ilẹ̀. Ilẹ̀ tí kì í mì, tí mo lè sá eré lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n wá sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe délé. Nígbà tí bàbá mi ra ọkọ̀ náà, ó ránṣẹ́ nípasẹ̀ ẹnì kan tó ń lọ sí Èjìgbò pé kí wọ́n bá òun sọ fún ìyá òun pé òun ti ra ọkọ̀. Ó tán. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ wo ìlú wa. Odò wo la ní tó lè gbé ọkọ̀? Bí ènìyàn bá ní ọkọ̀ ní Èjìgbò, ohun tó ń kó iṣu bọ̀ láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn, tó ń tú èéfín, tó ń fọn fèrè, ni a mọ̀. Ni wọ́n bá se ẹ̀wà sàárà. Ni wọ́n bá ń pe ìyá bàbá mi ní Ìyá Ọlọ́kọ̀. Àwọn àbúrò bàbá mi ra fìlà àrán ránṣẹ́ sí i, wọ́n ní orí ọlọ́kọ̀ kò yẹ kó wà lásán. Bàbá mi gba fìlà, ó gbé e wò nínú dígí, kò sì ránṣẹ́ padà pé ẹ ṣì í gbọ́. Ó ní òun kò purọ́. Ní tòótọ́, kò purọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbàgbé sẹ́nu.

Ìyá bàbá mi, Ìyá Ìsúndúnrin ni gbogbo wa ń pè é, nítorí ìlú Ìsúndúnrin lẹ́bàá Èjìgbò ló ń gbé, kò lè sinmi. Ìyáálé rẹ̀ ní Èjìgbò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbàkígbà tó bá wá, pé ọkọ̀ àfetígbọ́, ọkọ̀ tí kì í gbé ènìyàn dé ibì kankan. Ni obìnrin náà bá di ẹrù rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ èrò, ó gba Kútọnu, ó gba Lómè, ó gba Àkúrá, ó ní òun ń lọ gun ọkọ̀ ọmọ òun bọ̀ wálé.

Nígbà tó dé Àbíjàn, bàbá mi mú un wá sí èbúté ní ọ̀sán gangan. Èmi wà nínú ọkọ̀, okùn wà ní ìbàdí mi, mo ń rí gbogbo rẹ̀. Lọ́rì ńlá kan dúró létí omi tí wọ́n ń já gẹdú sílẹ̀ lára rẹ̀. Kí bàbá mi tó la ẹnu, Ìyá Ìsúndúnrin ti gba iwájú rẹ̀ kọjá, ó ti fọwọ́ lé imú lọ́rì náà, ó ti ń wúre. Ó ní kò ní mu ẹ̀jẹ̀. Ó ní kò ní pàdé òkè tí kò ní lè gùn. Ó bọ́ gèlè, ó fi nu eruku ojú rẹ̀. Awakọ̀ yọjú láti òkè, ó fi Faransé bi bàbá mi bóyá ìyá náà fẹ́ rà á ni. Bàbá mi dúró bí ẹni tí wọ́n gbìn sílẹ̀, fìlà àrán lórí.

Ó ní, “Ìyá mi, èyí kọ́.”

Ó nawọ́ sí wa. Ìyá Ìsúndúnrin wò wá. Ó wo ẹní wa tó ti ya, ó wo ìyá mi tó ti kúnlẹ̀ láti kí i, ó wo èmi tí mo di agolo mú.

“Láṣísì ọmọ mi, ọpọ́n ìjẹun yìí ńkọ́?”

“Ọkọ̀ ni, Ìyá mi. Ọkọ̀ ojú omi ni.”

“Ọkọ̀ la gbọ́ nílé. Ojú omi ńkọ́? Ṣé ó jábọ́ lọ́nà ni?”

Ṣùgbọ́n ibo ni obìnrin náà fẹ́ sùn? Ó wọ inú ọkọ̀, ó di ọwọ́ mú mọ́ pákó, a sì gbéra lọ sí Láhù. Kò sí ohun tí kò bú. Ó ní iyàrá wa, ibojì tó ní fèrèsé ni. Ó ní àtíkẹ́ wa, gàrí tí kò tíì pinnu ni. Bí ó bá bì tán, á fi etí ìborùn nu ẹnu, á tún máa bá èébú rẹ̀ lọ láti ibi tó ti dá a dúró. Èmi kò tíì rí ẹni tó sọ ohun tó wà nínú mi síta bẹ́ẹ̀ rí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ dọ́kàn.

Ní abúlé kan létí kanáàlì, ìyá mi mú Ráímì dání gòkè lọ tajà, bàbá mi lọ ṣẹ́gi, Ìyá Ìsúndúnrin náà wọ igbó lọ yàgbẹ́. Agolo bọ́ lọ́wọ́ mi sínú omi. Mo nàgà sí i, mo re kọjá etí ọkọ̀. Okùn gbé mi dúró. Mo rọ̀ dirodiro, orí mi ń kan pákó, ẹsẹ̀ mi wà nínú omi, n kò lè gòkè, n kò lè lọ sílẹ̀. Ìyá Ìsúndúnrin ló bá mi bẹ́ẹ̀, ló fà mí jáde. Nígbà tí ìyá mi sáré dé, ó ní ìdí tí òun fi ń so mí nìyẹn.

“Ewúrẹ́ tí wọ́n so tí kò rì sómi, ṣé ìyẹn ni kí n dúpẹ́ sí?” Ìyá Ìsúndúnrin gbé mi lé itan. “Ọmọ yìí yóò bá mi lọ sílé.”

“Ìyá, ẹ má bínú,” ni ìyá mi wí. “Ta ni yóò máa gbọ́n omi?”

“Ẹni tó ra ọkọ̀.”

Ìyá mi ní òun kò yọ̀ǹda. Gbogbo ara mi ni mo fi ń gbọ́. Bàbá mi tó ti ru igi dé, tó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, kò tilẹ̀ dá sí ọ̀rọ̀ tèmi, ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ló bi ìyá rẹ̀.

“Ìyá mi, bí ẹ bá délé, kí lẹ ó wí fún wọn?”

“N ó ní mo rí ọkọ̀. N ó ní ó gùn. Ṣé irọ́ ni?”

“Kì í ṣe irọ́.”

“Ṣùgbọ́n ìyáálé mi ò ní gba ti ẹnu mi nìkan. Ẹni tó ti sùn nínú rẹ̀ ló yẹ kó bá mi jẹ́rìí.”

Bàbá mi wò mí. Ó dé fìlà rẹ̀ padà. Ó ní kí n máa lọ. Ohun tí ó fi mí gbà nìyẹn, ẹ̀yin ènìyàn mi: fìlà àrán. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò rántí wo ojú ìyá mi. Ìyá mi kò bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi padà dé Àbíjàn. Níbẹ̀ ló ti tú okùn náà lára òpó, ó fi di ẹrù mi. Ó ní, “Bí wọ́n bá bi ọ́ nípa ọkọ̀, fọ̀ díẹ̀. Bí wọ́n bá bi ọ́ nípa mi, sọ pé mo wà.”

Nígbà tí a dé Èjìgbò, agbo ilé kún. Ìyáálé náà ló gba ẹjọ́ rò. Ó bi mí bóyá ọkọ̀ bàbá mi tóbi. Mo ní ó gùn ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí lọ. Ó ní ṣé ó máa ń pariwo. Mo ní kò pariwo rárá. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n ní tuntun ni. Ó ní ṣé kì í mu epo jù. Mo ní kì í mu epo, omi ló ń mu, èmi ni mo sì máa ń gbọ́n ọn. Gbogbo wọn mi orí, nítorí wọ́n ti rí i tí awakọ̀ ń bu omi sínú mọ́tò. Ìyá Ìsúndúnrin jókòó sí igun, ó ń jẹ obì, kò wo ojú mi. Lọ́jọ́ kejì ó mú mi lọ sí Ìsúndúnrin. Mo sáré yí ilé rẹ̀ po títí mo fi ṣubú, mo sì sùn síbi tí mo ṣubú sí. Ilẹ̀ kò mì.

Nígbà tí bàbá mi padà wálé pátápátá, ọkọ̀ èrò ló gbé e wá. Àwọn àgbà bi í nípa ọkọ̀ rẹ̀. Ó gbàgbé ara rẹ̀, ó ní ó rì. Ìyá Ìsúndúnrin tó ti di ògbólógbòó arúgbó ní, “Ẹrẹ̀ ni. Ẹrẹ̀ Àbíjàn kò dára.” Wọ́n kí bàbá mi kú àdánù. Ọjọ́ yẹn ni mo tún fojú kan ìyá mi, tó bá a dé. Mo ti wà nínú oyún ọmọ mi àkọ́kọ́.

Wọ́n wá ní àwọn òyìnbó kan wà báyìí tí wọ́n ń fowó ara wọn gbé inú irú ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí kanáàlì nígbà oòrùn tiwọn, wọ́n ní ìsinmi ni. Kí wọ́n máa sinmi. Wọ́n ní tiwọn kì í jò. Ti àwọn ọmọ tiwa ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ọmọ Èjìgbò á lọ dúró ti mọ́tò olówó ńlá ti ẹlòmíràn ní Àbíjàn, á ya fọ́tò, á fi í ránṣẹ́ sórí fóònù, gbogbo ẹbí á máa ṣe àmín, àmín. Bàbá mi gbàgbé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ojú sì ń tì í títí tó fi kú. Àwọn tòní kò gbàgbé nǹkan kan, ojú kò sì tì wọ́n.

Èyí tó bí mi nínú kò sì ju ẹyọ kan lọ. Láyé ìgbà tiwa, arúgbó á di ẹrù rẹ̀, á la ìlú mélòó kan kọjá láti lọ fojú ara rẹ̀ wo ohun tí ọmọ rẹ̀ ní òun ní, á sì rí ọmọdé tí wọ́n so mọ́ òpó níbẹ̀. Lónìí, fọ́tò ti dé, kò sí ẹni tó ń lọ wo nǹkan kan mọ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń fi fọ́tò ọmọ yín han aládùúgbò, ẹ ti rí mọ́tò, ẹ ti rí ilé alájà. Àwọn ọmọ-ọmọ yín tó wà lọ́hùn-ún ńkọ́, ta ló ti lọ wò wọ́n?