Ètè Jemimah

Dominic, ayàwòrán ìlú Uso, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ òun ní ọ̀rọ̀ ọ̀dà. Nígbà tí Jemimah ọmọ rẹ̀ kú, tí fóònù tí fọ́tò rẹ̀ wà nínú rẹ̀ sì bàjẹ́, ó yà á sórí pákó. Ọ̀kánkán fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé ló gbé e kọ́, torí ọmọ náà máa ń bẹ̀rù òkùnkùn. Ìfẹ́ òmùgọ̀! Ọdún mẹ́jọ ni oòrùn fi jẹ ọ̀dà náà. Pupa ló kọ́kọ́ ṣá. Ètè lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tẹ̀lé e.

Láàárọ̀ àná, Dominic po pupa tuntun, ó na búrọ́ọ̀ṣì sí ibi tí ẹnu wà tẹ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Kò rántí bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń rẹ́rìn-ín mọ́.

Búlúù ò ṣá ní tirẹ̀. Aṣọ Jemimah ṣì ń dán lára pákó, kò sí ẹni tó wọ̀ ọ́.