Ogún Akèrègbè àti Etí Ìyá Mi

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tójú mi rí ní Sátidé tó kọjá, nítorí títí di báyìí, ara mi ò tíì balẹ̀!

Olùkọ́ físíìsì ni mí ní Kétu. Ó pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tó máa gbà mí ní yunifásítì láti kàwé gboyè dókítà nínú físíìsì. Porofẹsọ̀ kan wá ní òun á yà nílé wa lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Bí iṣẹ́ mi bá dára, á gbà mí. Bí kò bá dára, ẹlòmíì ló máa gba àyè náà.

Kí ni iṣẹ́ ọ̀hún? Mo to ogún akèrègbè tí mo rà nílùú Idigny sórí pákó gígùn kan nílẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo fi máìkì àti sípíkà kékeré sáàárín wọn, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ta ohùn síwájú gidigidi, kó sì máa ta díẹ̀ péré sẹ́yìn. Ẹ gbọ́ ìyanu ibẹ̀: ibi yòówù kẹ́ ẹ ti fi ohùn sí i, ìkángun kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ máa kóra jọ sí! Lọ́jọ́ Jímọ̀, ìkángun tó wà lápá títì ló ń kóra jọ sí.

Bí mo ṣe jí ní Sátidé, ọjà ni mo sáré lọ láti ra bátìrì. Bí mo ṣe dé, ìdí pákó ni mo gbà lọ tààrà. Mo gbé fóònù tó ń súfèé sẹ́nu akèrègbè àárín, mo fetí sí ti apá títì. Ó dákẹ́ lọ́lọ́!

Mo tú wáyà, mo tún un so. Òógùn bò mí. Àwọn alùpùpù tó ru iṣu ń pariwo kọjá, ó ń ṣe mí bíi kí n sọ wọ́n lókùúta. Ìyá mi jókòó sí ìkángun kejì, ó ń yín àgbàdo. Ó ní nǹkan kan ń súfèé sóun létí. Mo ní kò sí nǹkan kan. Ó tún un sọ, mo sì jágbe mọ́ ọn pé kó jẹ́ kí n ráyè ronú.

Ẹ má tíì bú mi o! Etí rẹ̀ ti di láti ọdún mélòó kan. Ta ló máa gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ lórí ohun tó jẹ mọ́ ohùn?

Bí mo ṣe wà níbẹ̀ ni porofẹsọ̀ dé. Ọmọ Pobè ni, ó mọ àṣà ilé. Ó lọ bá ìyá mi, ó dọ̀bálẹ̀ kí i. Ṣùgbọ́n kò dìde! Orí rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ akèrègbè tó kángun sí ìyá mi, ó ń tẹ́tí.

Ó ní, “Ìyá, kí ló ń súfèé níbí?”

Ìyá mi ní, “Mo ti sọ fún Akànní títí! Ó ní kò sí nǹkan kan.”

Ìgbà yẹn ló tó hàn sí mi pé nígbà tí mo lọ sọ́jà, ìyá mi àti aládùúgbò wa kan ti gbé pákó náà kúrò, kó lè gbálẹ̀ de àlejò. Nígbà tí wọ́n dá a padà, wọ́n ti yí i po: ìkángun tó yẹ kó wà lápá títì ló wá wà lọ́dọ̀ ìyá mi. Èmi ọ̀mọ̀wé ò fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i!

Porofẹsọ̀ rẹ́rìn-ín títí. Ó ń gbé fóònù láti akèrègbè kan sí òmíràn, ọ̀dọ̀ ìyá mi náà ni ohùn ń gbà lọ. Ó ní òun gbà mí.

Inú mi dùn, àmọ́ ojú tì mí gan-an. Ẹ wò ó, mi ò kí ìyá mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn! Ká ní mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún un bó ṣe yẹ nígbà tó ní nǹkan ń súfèé sóun létí, ǹ bá ti gbọ́ ohun tí mò ń wá kiri kó tó di ọ̀sán. Ìyá tí mò ń pè ní adití ló gbọ́, èmi tí etí mi pé ni mi ò gbọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ti pa lẹ́nu mọ́ rí, tó sì jẹ́ pé òun ni òótọ́ wà lọ́dọ̀ rẹ̀? Ẹ kọ tiyín síbí. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ ò bá tíì kí ìyá yín lónìí, ẹ kọ́kọ́ lọ kí wọn ná.