Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Yin Alága

Ẹ lè má gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ajá ló dá ìjà yẹn sílẹ̀, ajá tí kò sí nínú gbọ̀ngàn rárá. Inú ìwé ló wà.

Ìgbà tí wọ́n ń pè ní “la crise” ni, tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, ní ìlú Douala. Àwọn òyìnbó ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ ní àdúgbò Bonapriso. Ọ̀kan nínú wọn, tó máa ń ra aṣọ lọ́wọ́ alága ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá, gbé kọ̀ǹpútà kan fún alága kó tó lọ, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń dún bí ẹni ń rẹ́ pákó. Alága ò mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe. Èmi náà ò mọ̀, ṣùgbọ́n mi ò sọ. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ mi, nínú yàrá mi kan ṣoṣo ní New Bell.

Alága ní, “Kí ló máa ṣe fún ẹgbẹ́? Tí ò bá wúlò, màá gbé e wá sílé mi o.”

Ẹnu mi yá. Mo ní màá fi ṣe atọ́ka fún gbogbo àpilẹ̀kọ tó ti jáde nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́. Ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ kan, ẹja ni o, carte de séjour tó jẹ́ ìwé ìgbélùú ni o, á kàn wo atọ́ka, á rí ojú ìwé tí ọ̀rọ̀ náà wà.

Ìlú ti dákẹ́ nígbà yẹn nítorí ìyanṣẹ́lódì. Mọ́ńdè títí dé Fúráìdè, ọjà kì í ṣí, takisí ò sí. Ìyẹn ló jẹ́ kí n ráyè ka ìwé tó bá ẹ̀rọ yẹn wá. Faransé ni, Faransé tèmi sì jẹ́ ti ọjà. Mo kà á, mo jù ú mọ́lẹ̀, mo tún lọ mú un. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí wọ́n ń pè ní makiro. Kò le. O máa sọ fún ẹ̀rọ pé, “Níbikíbi tí o bá ti pàdé ọ̀rọ̀ yìí, yọ ọ́, fi nǹkan báyìí rọ́pò rẹ̀.” Nǹkan yẹn lè jẹ́ ọ̀rọ̀, ó lè jẹ́ iṣẹ́. Mo bá tẹ gbogbo àpilẹ̀kọ sínú ẹ̀rọ, mo fi àmì kan síwájú ọ̀rọ̀ tó bá ṣe pàtàkì. Tí makiro bá ti kan àmì yẹn, á mú ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e, á mú nọ́ńbà ojú ìwé, á jù wọ́n síbì kan. Lẹ́yìn náà ẹ̀rọ á tò wọ́n ní a, b, d. Ọjọ́ tó ṣiṣẹ́, mo pariwo títí aládùúgbò mi fi ń gbá pákó tó wà láàárín wa.

Ní Sọ́ńdè ìpàdé, mo gbé ẹ̀rọ lọ sí gbọ̀ngàn, mo pín atọ́ka. Olórí àwọn obìnrin wa, Ìyá Ẹgbẹ́, tó ń ta ẹja yíyan ní Youpwè, ló kọ́kọ́ wá tiẹ̀. Ó rí “Ẹja”, ó ṣí ojú ìwé náà, ó bá àpilẹ̀kọ lórí bí kòkòrò ò ṣe ní jẹ ẹja gbígbẹ.

“Ọmọ yìí, o ò ní dàgbà dànù! Láti ọjọ́ yìí ni mo ti ń wá a!”

Alága wá wọ awò ojú rẹ̀, ó ń wá ara rẹ̀. “Ajá,” ló kà. Lẹ́yìn náà, “Alága.” Ó gbójú sókè. “Ajá ló ṣáájú mi?”

Ẹnì kan ti kọ̀wé nípa ajá kan tó ń gé wa jẹ lẹ́yìn gbọ̀ngàn.

“Bàbá, a-b-d ni. J ló ṣáájú L.”

“Ta ló sọ ọ́?”

“Gbogbo ayé, sà!”

“Gbogbo ayé ń san owó ẹgbẹ́? Níbí, ọjọ́ orí la fi ń to nǹkan. Ọmọ ọdún mélòó ni ajá yẹn?”

Ìyá Ẹgbẹ́ ní òun mọ ajá náà, kò tíì pé ọdún mẹ́ta.

“Ẹ gbọ́ o! Ọmọ ọdún mẹ́ta!”

Ẹ̀jẹ̀ mi ti ń hó. Mo ní, “Ó dáa, màá fún yín ní ọ̀wọ̀ tí ajá ò ní.” Mo fi ìbínú kọ makiro tuntun: níbikíbi tí o bá ti rí “Alága”, fi “Ọlọ́lá Alága” rọ́pò rẹ̀. Mo ní kó máa tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí ti ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ rí Alága, ó sọ ọ́ di “Ọlọ́lá Alága”. Ó tẹ “Ọlọ́lá”, ó ní kóun tẹ ìyókù, ó tún bá Alága níbẹ̀. Ṣebí mo sọ pé níbikíbi! Ó tún tẹ “Ọlọ́lá”, ó tún bá Alága. Ọlọ́lá, Ọlọ́lá, Ọlọ́lá, bébà ń tú jáde, ó ń wọ́ nílẹ̀ láàárín àga, kò sì kan ọ̀rọ̀ “Alága” rárá. Mo nawọ́ kí n pa á.

“Má fọwọ́ kàn án!” Alága ti dìde. “Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi.”

“Bàbá, kò ní dé láéláé.”

“Àbí o fẹ́ pa ẹni tó ń yin àgbà lẹ́nu mọ́?”

Ìyá Ẹgbẹ́ ká bébà náà lọ́wọ́, ó ń wò ó. “Ó dà bíi pé kò mọ orúkọ yín o.”

Bébà tán. Alága nu ojú rẹ̀. “Ẹ̀rọ tó mọ ọ̀wọ̀ tó báyìí kì í gbé yàrá ọmọdé. Ilé mi ló ń lọ.”

Mo pariwo, mo fẹsẹ̀ gbá àga, gbogbo wọn bú mi, wọ́n sì gbé e lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tí Alága fi ránṣẹ́ pè mí. Mo bá a ní pálọ̀, ó wọ agbádá, ó jókòó kojú ẹ̀rọ.

“Kò tíì sọ nǹkan kan látìgbà tó ti dé.”

“Ṣé ẹ tan án?”

“Ó tàn. Ó kàn ń ṣẹ́jú sí mi ni.”

Ǹ bá ṣàlàyé, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi. Mo ní, “Bàbá, ta ló máa gbọ́ ọ níbí?”

“Èmi.”

“Ẹ̀yin nìkan? Ẹ gbé ẹni tó ń yìn yín sí pálọ̀ yín, ẹ tilẹ̀kùn, ẹ ń gbọ́? Kí ni àdúgbò máa sọ?”

Ó wo fèrèsé. Ó rọra sọ̀rọ̀. “Ṣé wọ́n ti ń sọ ọ́?”

“Wọn ò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ tèmi, gbogbo ìta ló máa gbọ́.”

“Ògiri ẹ ò nípọn?”

“Pákó ni.”

“Gbé e lọ. Gbé e lọ kíá.”

Mo pe oní-pousse-pousse kan, àwọn tó ń fi ọmọlanke kẹ́rù, a kó gbogbo rẹ̀ sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó bi mí bóyá tẹlifíṣọ̀n ni. Mo ní rárá. Ó ní kí ló wá ń ṣe. Mo ní kó máa ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ta ló pè é sí ìwádìí! Inú bí i, ó sì tì í gba inú gbogbo kòtò tó wà ní New Bell, èmi di ẹ̀rọ mú lọ́wọ́ méjèèjì, mò ń sáré ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́, mò ń fi èdè mẹ́ta bú u.